Owó Tí Àmì Ohùn Gbé Mì: Bí Mo Ṣe Ṣe Pátákó Àlàyé Igbó Ọ̀ṣun

Ẹni tó bá ní kíkọ ọ̀rọ̀ ló le jù nínú iṣẹ́ pátákó àlàyé, kò tíì bá onítẹ̀wé da nǹkan pọ̀ ni. Owó tó yẹ ká fi ra iná fún ìpàtẹ wa, àtúntẹ̀ ló gbé e mì.

Ìpàtẹ nípa Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo ni, a tò ó sí ọgbà ilé ìkàwé kan, nínú oòrùn àti òjò. Bí mo ṣe ṣa ọ̀rọ̀ jọ kò gba àlàyé. Ohun tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ jù: igbó tó tó hẹ́kítà 75, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, Susanne Wenger, ọmọ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, tí wọ́n wá ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, Adébísí Àkànjí, bíríkìlà tó di oníṣẹ́ ère sìmẹ́ńtì. Mo gé e kù. Pátákó kọ̀ọ̀kan kò gùn ju èyí tí ìyá ọlọ́mọ lè kà tán kí ọmọ tó fà á láṣọ. Ohun tí ojú máa wò ni mo sì kọ́kọ́ ń sọ, kí n tó mú ìtàn wá: "Ẹ wo ara ère yìí dáadáa. Sìmẹ́ńtì ni, kì í ṣe òkúta." Ẹ jẹ́ n yin ara mi díẹ̀, ó dùn ún kà.

Ìgbà tó dé ọwọ́ onítẹ̀wé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò ní fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà, tí mo lò, CorelDRAW tó fi ń ṣètò iṣẹ́ bá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bó ṣe tẹ gbogbo rẹ̀ nìyẹn, kò pè mí. Àkọlé "Igbó Ọ̀ṣun", tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, àpótí onígun mẹ́rin ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ. Níbòmíràn, àmì ohùn ti fò lọ gun lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Mo figbe ta. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, àwọn èèyàn á mọ ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn."

Àbá tó wá dá fún àtúntẹ̀ ni pé kí òun kúkú yọ gbogbo àmì kúrò. Lórí pátákó Ọ̀ṣun! Mo ní ó tì. Ó ní a ó sanwó tuntun, torí iṣẹ́ ti jáde.

Mo lọ jókòó ti ọmọ tó ń bá a tẹ kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ la ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú kọ̀ǹpútà, à àti é náà ní. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó bá ru àmì ohùn lórí tó tún ní àmì nísàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Méjì ni kọ̀ǹpútà máa ń tò pọ̀, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì aláràbarà ò sì mọ̀ ọ́n tò. Noto Sans àti Charis SIL mọ̀ ọ́n. A lo Noto, a sì sọ gbogbo lẹ́tà di "curves", ìyẹn ni pé wọ́n di àwòrán, kò sí fọ́ǹtì tó lè rọ́pò wọn mọ́. Ọmọ náà kọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn. Òun ló ń pè mí báyìí tí iṣẹ́ Yorùbá bá dé.

Ẹ sọ gbogbo lẹ́tà di "curves" kí iṣẹ́ tó kúrò nílé yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan sórí bébà A4, kẹ́ ẹ buwọ́ lù ú. Tó bá jẹ́ ìta ló máa wà, ẹ sanwó ọ̀rá tó ń dènà ìtànṣán oòrùn, torí àwọ̀ pupa kì í pẹ́ ṣá.

Onítẹ̀wé yẹn ṣì ní mo jẹ òun ní gbèsè ọ̀rá. Kó lọ gbà á lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀.