Ẹ mú orúkọ yín bára mu kí ẹ tó kúrò níléèwé
Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa tí ẹ ń parí lọ́wọ́ l'Óṣogbo, kí ẹ tó kó ẹrù kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ tẹ́ ìwé ẹ̀rí WAEC, NIN, ìwé ọjọ́ ìbí àti ẹ̀dà fọ́ọ̀mù Nursing Council (àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì ní láísẹ́ǹsì) yín sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ ka orúkọ yín lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Rukayat lórí WAEC, Ruqoyyah lórí NIN: ọmọ kan náà ni lójú ìyá tó bí i, ẹni méjì ni lójú akọ̀wé tó ń yẹ ìwé wò. Èyí tó wà lórí WAEC ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n, torí òun ló ṣòro jù láti yí padà. Kí ẹ tún ìyókù ṣe kó bá a mu. Nísinsìnyí tí ẹ ṣì wà nítòsí, ẹsẹ̀ lásán lẹ ó fi rìn dé ọ́fíìsì iléèwé. Tí ẹ bá ti dé Èkó tàbí Àbújá, ó di owó ọkọ̀ àti ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yin tí ìgbéyàwó yín ti sún mọ́lé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí láísẹ́ǹsì jáde ná kí ẹ tó máa jẹ́ orúkọ ọkọ. Àmọ́ o, èyí ò gé àkókò tí ẹ ó fi dúró kí ẹ tó lè lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun kúrú: nínú ìlànà tí Council gbé jáde ní February 2024, wọ́n ní nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún ọdún 2 kí Council tó bá a fìdí ìwé rẹ̀ múlẹ̀ fún orílẹ̀-èdè mìíràn.