Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ talé ní Àkúrẹ́, ẹ yéé fi ọ̀dà bo ògiri tó ń fa omi

Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an ni mo máa kọ́kọ́ sọ. Nígbà tá a fẹ́ ta ilé bàbá wa ní Òkè-Ìjẹ̀bú, yàrá kan wà lẹ́yìn tí ìsàlẹ̀ ògiri ẹ̀ máa ń tutù, tí ọ̀dà ibẹ̀ máa ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja, ni mo bá pe pẹ́ńtà ní Ọjọ́bọ̀ pé kó bá mi kùn ún kíá torí Sátidé ni ọkùnrin tó fẹ́ rà á ń bọ̀. Ilé ń dán gbinrin! Ọkùnrin yìí wọlé, kò wo táìsì, kò wo POP, ibi ògiri yẹn ló lọ tààrà, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé imú sún mọ́ ọn, ó wá yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ẹ̀ ó fi ha á díẹ̀. Bí ọ̀dà ṣe ṣí nìyẹn o, iyanrìn tútù ń já bọ́ tẹ̀lé e. Ó wò mí lójú, ó ní "Àǹtí, ibo ló tún kù tẹ́ ẹ kùn?" Látìgbà yẹn kò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ mọ́, títí dórí kànga tí kì í gbẹ lóòótọ́.

Omi tó ń gun ògiri látìsàlẹ̀, ìpìlẹ̀ ló ti wá. Àwọn tó kọ́lé ò tẹ́ ọ̀rá DPC, ìyẹn ọ̀rá tó ń dí omi ilẹ̀ lọ́nà, sáàárín ìpìlẹ̀ àti búlọ́ọ̀kù, omi ilẹ̀ á wá máa gòkè díẹ̀díẹ̀, iyọ̀ inú ilẹ̀ á bá a gòkè, òun ló ń ti ọ̀dà jáde. Kò sí iye ìgbà tẹ́ ẹ kùn ún tí kò ní padà wá. Àjà tí òjò ti yà ní àwòrán bíi ti omi tíì náà ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá fi emulsion, ọ̀dà olómi, lásán kùn ún, àwọ̀ yẹn á tún yọjú, tẹ́ ò bá sì tún páànù tó ń jò ṣe, òjò àkọ́rọ̀ á wá tú yín fó. Èéfín ni, rírú ló máa rú. Ẹ tún un ṣe, tówó ò bá sì sí, ẹ fọwọ́ ara yín tọ́ka sí i kẹ́ ẹ yọ owó ẹ̀ kúrò nínú iye tẹ́ ẹ pè é.

Ẹrù àpọ̀jù ni èyí tó tẹ̀ lé e. Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ọdún mẹ́fà lára ògiri, pósítà ìsìnkú bàbá àgbà, fọ́tò ìgbéyàwó, Ghana-must-go lórí wọ́dúróòbù, fírísà tó ti kú nínú kọ́rídọ̀, táyà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ẹni tó ń ralé, ara tiẹ̀ àtàwọn ọmọ ẹ̀ ló ń fojú inú wò níbẹ̀, ẹ ò sì ní jẹ́ kó rí àyè jókòó, àlejò lásán lẹ sọ ọ́ dà. Pálọ̀ kan tí mo wọ̀ lójú ọ̀nà Ondó, ìṣọ̀wọ́ àga mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ la fi ń rìn bí akàn, wọ́n sì ń sọ fún wa pé pálọ̀ ńlá ni! Ẹ kó ìdajì lọ sílé mọ̀lẹ́bí. Ṣùgbọ́n ẹ má kó gbogbo ẹ̀ tán o, torí yàrá tó ṣófo pátápátá máa ń dà bíi pé ó kéré, gbogbo ibi tí ògiri ti sán á sì hàn. Bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, kọ́tìnnì tó mọ́, ó ti tó. Ní Amẹ́ríkà iṣẹ́ gidi ni wọ́n fi í ṣe, home staging ni wọ́n ń pè é, wọ́n á háyà àga olówó gọbọi wá sínú ilé títí wọ́n á fi tà á. Èmi ò rò pé a nílò ìyẹn níbí, omi, iná àti ìwé ilé loníbàárà tiwa ń wò.

Ẹ má sì ti yàrá kankan pa. "Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ bọ̀ọ̀dá wa l'Ékòó," ẹni tó gbọ́ ìyẹn á ti rò pé ìjà ogún wà nílẹ̀.

Òórùn ńkọ́? Irú, ẹja gbígbẹ, káńfọ̀, ajá. Ẹni tó ń gbé inú ẹ̀ kì í gbọ́ ọ mọ́. Àwọn kan á wá fín air freshener títí ojú á fi máa ta èèyàn, oníbàárà á ní kí lẹ ń fi pamọ́. Ẹ ṣáà ṣí fèrèsé láti àárọ̀, kẹ́ ẹ kó sókàwé tó ti kún kó tó di ọjọ́ yẹn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wá ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ tí iná ò sí, tẹ́ ẹ ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù fi yàrá han èèyàn.

Iná gan-an lọ̀rọ̀ wà. Láti April 2024 tí wọ́n ti fowó kún owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn báyìí. Tẹ́ ò bá sí ní Band A ẹ má purọ́ fún oníbàárà, ìyá tó ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹ́ètì yín ló máa lọ bi tó bá jáde.

Fọ́tò WhatsApp náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dé tọ́lẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó yà á.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ọ̀rẹ́ mi kan ní Ọbà-Ilé. Ó ti tún gbogbo nǹkan ṣe, ẹ́jẹ́ńtì ti mú ẹnì kan wá láti Àbújá, ọkùnrin yẹn dé ẹnu gẹ́ètì, kò wọlé, ó dúró sínú mọ́tò ó ń pè é: "Màdáámù, ṣé ilé yìí náà lẹ ní kí n wá wò?" Lára fẹ́ńsì, pẹ̀lú ọ̀dà pupa, lẹ́tà tó tóbi bí orí ìkòkò: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ, Ẹ ṢỌ́RA FÚN 419. Àtìgbà tí àwọn oníjìbìtì kan fẹ́ tà á mọ́ wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀, ó ti mọ́ wọn lára débi pé wọn ò rí i mọ́. Ọ̀dà tó ṣẹ́kù nínú garawa ni wọ́n sáré fi pa á rẹ́ lójú ẹ̀, ọ̀dà yẹn nìkan ni mo fọwọ́ sí.