Fíláàṣì fún Orin Lórí Streamer: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Tò Ó

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ owó kúrò nílẹ̀. Fíláàṣì olówó ńlá kì í mú orin dùn ju èyí tí kò wọ́n lọ. Orin orí CD kò béèrè ju kilobit 1,411 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó wúwo gan-an, 24-bit/192 kHz, ń béèrè 9,216. USB 2.0 tó ti wà láti ọdún 2000 lè gbé 480,000 lórí ìwé, bó bá sì ṣe ìdá mẹ́wàá rẹ̀ péré, ó ṣì tó, ó tún ṣẹ́ kù. Streamer, ìyẹn ẹ̀rọ hi-fi tó ń gba orin láti orí íntánẹ́ẹ̀tì tó sì tún ní ojú USB, á ka orin náà sínú ara rẹ̀ ṣáájú kó tó kọ ọ́ jáde. Bí ọlọ́jà bá ní kí ẹ fi owó lé e torí pé tòun ń dún ketekete, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ máa bá tiyín lọ. Kó jẹ́ ojúlówó, kí streamer sì lè kà á: ohun tó yẹ kí owó yín rà nìyẹn.

Ní ti bó ṣe máa tóbi tó, ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí. MP3 320 kbps ń gba nǹkan bíi MB 2.4 fún ìṣẹ́jú kan, WAV ti CD ń gba bíi MB 10, FLAC, tó ń fún orin pọ̀ láìyọ ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀, sì sábà máa ń wà láàárín MB 5 sí 7. Àwo jùjú àtijọ́ oníṣẹ́jú 40 á gba bíi MB 240 ní FLAC. Fíláàṣì 32GB yóò gba irú àwo bẹ́ẹ̀ tó lé ní 100. (Kọ̀ǹpútà Windows á sọ pé 29 àti díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Wọn ò jà yín lólè o, ìṣirò tirẹ̀ ló yàtọ̀.) Ní tiwa, méjì oní-32GB sàn ju ẹyọ kan oní-256GB lọ. Fíláàṣì ńlá tó kún máa ń jẹ́ kí streamer pẹ́ kó tó to orúkọ orin tán, ọjọ́ tó bá sì kú, gbogbo orin ló bá a lọ.

Ayédèrú ni ewu tó wà níbẹ̀. Wọ́n á mú fíláàṣì tí ìrántí inú rẹ̀ kò ju 8GB lọ, wọ́n á tún ọpọlọ kékeré tó ń darí rẹ̀ ṣe kó máa purọ́ pé 128GB ni òun. Kọ̀ǹpútà á gbà á gbọ́. Ẹ ó da orin sí i, kò ní yarí, orúkọ gbogbo wọn á sì hàn. Ìgbà tí ẹ bá ń gbọ́ ọ ni wàhálà máa ń dé. Àwọn orin kan á dún dáadáa, àwọn kan á dákẹ́ lójijì tàbí kí wọ́n máa ta kàràkàrà, streamer á sì fo àwọn mìíràn dá. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ti gbé ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ rẹ́páìrà kí wọ́n tó mọ̀ pé fíláàṣì ni.

Bó jẹ́ Òkèṣà ní Adó lẹ ti fẹ́ rà á, bó jẹ́ ìsọ̀ kan ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìkọ̀lé, ẹ wo iye owó rẹ̀ ná. Bí 256GB bá dínwó ju 64GB tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 2TB sí lára tí wọ́n ń tà ní owó oúnjẹ ọ̀sán, ẹ má tilẹ̀ ná an. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ bá ọlọ́jà ṣàdéhùn pé ẹ ó dá a padà bí kò bá pé, kó sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì.

Nílé, ẹ dán an wò kí orin kankan tó wọ inú rẹ̀. Lórí Windows, H2testw ni ètò tó ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni; F3 ló wà fún Mac àti Linux. Ẹ pa gbogbo ohun tó wà lórí fíláàṣì rẹ́, torí pé àyè tó ṣófo nìkan ni H2testw máa ń yẹ̀ wò. Ẹ yan fíláàṣì náà, ẹ yan "all available space", kí ẹ tẹ "Write + Verify". Á kọ nǹkan kún inú rẹ̀ títí, á sì tún kà á padà. Fíláàṣì 32GB tó ń kọ MB 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á lo wákàtí kan àti díẹ̀ fún kíkọ nìkan, nítorí náà ẹ rí i pé bátìrì láàpútọ́ọ̀pù kún, NEPA kì í dágbére. Bó bá sọ ní ìparí pé "Test finished without errors", ó pé. Bó bá sọ ohun mìíràn, ọ̀dọ̀ ọlọ́jà lọ̀nà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fọ́ọ̀màtì rẹ̀, ìyẹn ni pé kí ẹ yan ọ̀nà tí yóò máa gbà to fáìlì. FAT32 ni streamer tó pọ̀ jù mọ̀. Àwọn kan ń ka exFAT tàbí NTFS, àmọ́ inú ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ni kí ẹ ti rí i, ẹ má fojú inú wò ó. Ẹ wo iye fáìlì tó lè kà níbẹ̀ pẹ̀lú. Fún 32GB, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí fíláàṣì, ẹ yan Format, ẹ yan FAT32, kí ẹ tẹ Start. Lórí ọ̀pọ̀ Windows, ojú fèrèsé yìí kì í fi FAT32 hàn fún ohun tó bá ju 32GB lọ. Ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ Rufus lè ṣe é; ohun tí ẹ ó yàn nínú rẹ̀ ni "Non bootable", MBR, "Large FAT32". Ẹni tó ń lo Mac, kó yan "MS-DOS (FAT)" pẹ̀lú "Master Boot Record". Bó bá fi í sí GUID, ọ̀pọ̀ streamer ò ní rí fíláàṣì náà rárá.

FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4GB. Orin lásán kì í débẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá gba ohùn ìṣọ́ òru tàbí àwọn ìyá tó ń lé alámọ̀ sílẹ̀ ní WAV 24-bit/96 kHz, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mélòó kan ló máa fi kọjá ààlà yẹn. Ẹ gé e sí méjì, tàbí kí ẹ sọ ọ́ di FLAC.

FLAC náà ni ká máa lò fún ohun tí a bá dà láti orí àwo àti kásẹ́ẹ̀tì. Ojú àwo jùjú kan lè jẹ́ orin kan tí kò dúró fún ìṣẹ́jú 18 tàbí 20. Ẹ má gé e wẹ́wẹ́. Bó bá sì di dandan, MP3 máa ń ki ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ bọ oríkèé ibi tí a gé, FLAC kì í ṣe bẹ́ẹ̀. MP3 128 kbps tí ẹ gbà lórí fóònù ńkọ́? Sísọ ọ́ di FLAC dà bí ẹni bu omi sọ́bẹ̀: ó pọ̀ sí i, kò dùn sí i.

Ẹ fi fódà kan fún olórin kan, fódà àwo kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi 01, 02 ṣáájú orúkọ orin. Bó bá jẹ́ 1, 2 lásán, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ á kọ orin 10 ṣáájú 2. Àwọn mìíràn kì í ka orúkọ rárá. Bí ẹ ṣe da orin sí i ni wọ́n á ṣe kọ ọ́, nítorí náà ẹ máa dà á ní fódà kọ̀ọ̀kan, ní títẹ̀léra.

Àmì ohùn èdè wa máa ń da ẹ̀rọ láàmú. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, àmọ́ ẹ̀ tàbí ọ́ kò ní. Lẹ́tà kan àti àmì kan tí wọ́n so pọ̀ ni. Streamer tí kò mọ ìsopọ̀ náà á ya àpótí kékeré síbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ fáìlì láìsí àmì rárá. Nínú táàgì, ìyẹn orúkọ orin, olórin àti àwo tí a kọ sínú fáìlì náà, ẹ dán àmì kíkún wò lórí orin kan péré; bí àpótí bá jáde, ẹ yọ àmì ohùn, kí ẹ fi ẹ, ọ àti ṣ sílẹ̀. Ètò Mp3tag ló rọrùn jù fún iṣẹ́ yìí, kí ẹ sì yan ID3v2.3 UTF-16 nínú rẹ̀ fún MP3. Ẹ kọ orúkọ kan náà sí "Album Artist" fún gbogbo orin inú àwo kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orin tí àlejò bá ti kọrin á bọ́ sí ọ̀tọ̀. Àwòrán àwo, ẹ pè é ní folder.jpg.

Bí Wi-Fi bá ń já lẹ́yìn tí ẹ ki fíláàṣì USB 3.0 bọ ojú USB 3.0, kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Intel ṣàlàyé rẹ̀ ní 2012 pé ariwo tí USB 3.0 ń mú jáde máa ń bọ́ sójú 2.4 GHz tí Wi-Fi ń lò. Ẹ lo 5 GHz, tàbí kí ẹ fi wáyà kúkúrú gbé fíláàṣì jìnnà sí eriali. Bó bá jẹ́ pé orin tí kò ṣeé kọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "._" ni ẹ rí, Mac ló fi í síbẹ̀, ẹ pa á rẹ́.

Ẹ máa pàṣẹ pé kí kọ̀ǹpútà tú fíláàṣì sílẹ̀ kí ẹ tó fà á yọ. Bí iná bá lọ nígbà tí streamer kàn ń ka orin, ó ṣọ̀wọ́n kí nǹkan bàjẹ́. Ìgbà tí a bá ń kọ nǹkan sí i ni ewu wà. Fíláàṣì kò sì yẹ fún ìtọ́jú ohùn àwọn àgbà, torí pé bó bá wà nínú àpótí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìrí iná, ohun tó wà nínú rẹ̀ lè parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà kan sórí hard disk nílé, kí òmíràn wà lọ́dọ̀ ẹbí kan ní ìlú mìíràn.