Bí ẹ ṣe lè ka ìtàn Jane Eyre fún àwọn ọmọbìnrin tó wà lọ́dọ̀ yín

Aṣọ ni mò ń rán ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, èmi kì í ṣe tíṣà. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ iṣẹ́ bá pọ̀ sí, ẹnu kì í dákẹ́ níbẹ̀. Bí wọn ò bá rí nǹkan gidi sọ, ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni wọ́n máa sọ. Mo wá yan ìwé fún wọn. Bí iná bá lọ, tí máṣíìnì oníná dákẹ́, ẹnì kan á máa kàwé, àwọn yòókù á máa gán bọ́tìnnì, wọ́n á máa fọwọ́ ká etí aṣọ. Ìwé tó ń fa àríyànjiyàn jù ní ṣọ́ọ̀bù wa ni Jane Eyre. Charlotte Brontë, ọmọ àlùfáà Áńgílíkà kan ní àgbègbè Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́. Ó jáde ní 1847, orúkọ Currer Bell ló sì fi sí i, kí wọ́n má baà mọ̀ pé obìnrin ló kọ ọ́.

Ọ̀nà tí mo ń gbà kà á ni mo fẹ́ sọ, fún ẹnikẹ́ni tí ọmọbìnrin wà lábẹ́ rẹ̀: ọmọ iṣẹ́, ọmọ ọ̀dọ̀, ọmọ kíláàsì Ọjọ́ Ìsinmi, ọmọ bíbí inú ẹni.

Ẹ má náwó lé e. Ìwé náà ti pẹ́ débi pé kò sẹ́ni tó tún lè gba owó àṣẹ lórí rẹ̀. Ẹ wá Project Gutenberg, ìkànnì ìwé àtijọ́, lórí fóònù yín, ọ̀fẹ́ ló wà níbẹ̀. Orí 38 ló ní, ẹ má sì gbìyànjú láti kà á tán. Orí 1 dé orí 10 ni ìgbà èwe Jane, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé, orí 21 ni ìdáríjì. Àwọn yẹn ni kẹ́ ẹ mú. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ilé ọlọ́rọ̀ ló pọ̀ nínú èyí tó kù, kò ní sá lọ.

Ẹ máa ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa fi èdè ilé yín sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ti Èkìtì ni èmi ń sọ, wọ́n sì máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Mrs Reed, ìyá ilé inú ìtàn náà, bá ń bú èèyàn bí ìyá oníṣu ọjà Ọba. Gbólóhùn Brontë gùn, ẹ má túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Níbi tó bá ti ń ṣàpèjúwe òjò àti igi, ẹ sáré kọjá. Níbi tí ẹnì kan bá ti ń fìyà jẹ ẹnì kan, ẹ rọra.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fún ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ dára jù ní ìwé ìkọ̀wé kan, kó fi rúlà pín ojú ewé sí mẹ́ta. Apá kìíní: ohun tí wọ́n ṣe fún Jane. Apá kejì: ẹni tó ṣe é. Apá kẹta: ẹni tó wà níbẹ̀ tí kò sọ nǹkan kan. Gbogbo ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kàwé ni kó máa kọ ọ́. Ẹ máa rí ìwúlò rẹ̀ tó bá di orí 21.

Ó yá, orí kìíní. Ọmọ òrukàn ni Jane, ọmọ ọdún 10. Arákùnrin ìyá rẹ̀ ló gbà á sílé. Nígbà tí ọkùnrin yẹn ń kú lọ, ó mú ìyàwó rẹ̀, Mrs Reed, ṣèlérí pé yóò tọ́ Jane bí ọmọ tirẹ̀. Ẹ tẹnu mọ́ ìlérí yẹn. Lọ́jọ́ tí ìtàn bẹ̀rẹ̀, Jane jókòó sẹ́yìn kọ́tìnnì, ó ń wo àwòrán inú ìwé ẹyẹ kan. John Reed, ọmọ ọdún 14, pè é jáde, ó nà án, ó ní ìwé ilé àwọn kì í ṣe ohun tí alágbe ń fọwọ́ kàn, ó sì sọ ìwé náà lù ú. Jane ṣubú, orí rẹ̀ lu ilẹ̀kùn, ẹ̀jẹ̀ jáde. Òun náà wá bá a jà. Ta ni wọ́n gbé lọ tì mọ́ yàrá? Jane. Yàrá pupa tí ọkọ Mrs Reed kú sí ni wọ́n sì tì í mọ́.

Ẹ pa ìwé dé níbẹ̀, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé: ta ló jẹ̀bi?

Ẹnì kan á sọ pé Jane ni. Ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, ọmọ kan láti Adó ló sọ ọ́, abẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀: “Àǹtí, ẹni tó ń jẹun onílé kì í ta ko ọmọ onílé.” Èkejì rẹ̀ ní, “Ilé ìbátan ìyá ẹ̀ ni, kì í ṣe ilé onílé.” Wọ́n fà á títí èédú inú àyọ́ọ̀nù fi di eérú, aṣọ oníbàárà sì wà nílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó lọ̀ ọ́.

Ẹ má pa ọmọ tó dá Jane lẹ́bi lẹ́nu mọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, kò sì sọ ohun tí àgbà méjì nínú mẹ́ta ládùúgbò yín kò ní sọ. Ìbéèrè mìíràn ni kẹ́ ẹ fi dá a lóhùn: bí kò bá yẹ kí Jane gbèjà ara rẹ̀, ta ló yẹ kó gbèjà rẹ̀? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èwo wá ni àgbà nínú ilé yẹn? Bessie tó ń tọ́jú ọmọ wà níbẹ̀. Abbot, ọmọ ọ̀dọ̀ kejì, wà níbẹ̀. Ìyá ilé wà níbẹ̀. Apá kẹta ìwé ìkọ̀wé á kún lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Láti orí 4 ni Brocklehurst ti wọlé, ọkùnrin tó ni àṣẹ lórí ilé ìwé Lowood. Mrs Reed sọ fún un pé òpùrọ́ ni Jane, kò sì bi ọmọ náà léèrè ohunkóhun lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, síléètì já bọ́ lọ́wọ́ Jane nílé ìwé, Brocklehurst gbé e ka orí àpótí níwájú gbogbo èèyàn, ó kéde pé òpùrọ́ ni, ó ní kí ẹnikẹ́ni má bá a ṣe. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, òṣìkà ni. Ọjọ́ yẹn kan náà ló pàṣẹ pé kí wọ́n gé irun àwọn ọmọ náà nítorí ìgbéraga. Kò tíì sọ ọ́ tán tí ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀ fi wọlé nínú àrán àti ṣẹ́dà, irun wọn ká bí òrùka. Tẹ́ ẹ bá ń kà á fún àwọn aránṣọ, ẹ fara balẹ̀ níbi aṣọ yẹn. Àwọn tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò iye tí yáàdì kan máa jẹ́.

Miss Temple, olùkọ́ àgbà, ni kẹ́ ẹ wá fi wé e. Ó pe Jane sí yàrá rẹ̀, ó fún un ní tíì àti kéèkì, ó ní kó sọ tẹnu rẹ̀. Síbẹ̀ kò kàn gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ó kọ̀wé sí Mr Lloyd, oníṣègùn tó tọ́jú Jane lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yàrá pupa, láti wádìí. Nígbà tí èsì dé, ó kó gbogbo ilé ìwé jọ, ó sì kéde pé ọmọ náà kò jẹ̀bi. Níwájú àwọn tí wọ́n ti dójú tì í gan-an ni wọ́n ti dá a láre. Àwa ńkọ́? A máa ń bú ọmọ níwájú oníbàárà márùn-ún, tó bá wá hàn pé kò jẹ̀bi, a ó pè é sẹ́yìn ilé, a ó rọra sọ fún un pé kó má bínú. Ọ̀gá tó bá fẹ́ ka orí 8 fún ọmọ iṣẹ́ kó múra sílẹ̀. Wọ́n á máa wo ojú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Helen Burns ló le jù láti kà, nítorí gbogbo ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ló máa fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n nà án lẹ́gba méjìlá lọ́rùn nítorí pé èékánná rẹ̀ dọ̀tí, bẹ́ẹ̀ omi ti dì nínú bàsíà láàárọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó rí omi fọwọ́. (Ọyẹ́ tiwa kì í mú tó bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ lẹ́sẹ̀ òkè Olósùnta, ẹ ní kí wọ́n ro omi inú fìríìsà.) Helen kò sọ nǹkan kan. Ó ní ayé kúrú jù fún ẹni tó fẹ́ máa tọ́jú ìkórìíra. Jane ní tirẹ̀ gbà pé tí wọ́n bá lu èèyàn láìnídìí, kó lu onítọ̀hún padà dáadáa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ àwọn méjèèjì, ẹ má sì sọ Helen di pàṣán tẹ́ ẹ máa fi na Jane. Helen kú sọ́wọ́ Jane nílé ìwé yẹn, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á. Ẹni tó bá ń sọ fún ọmọ pé “ṣe bíi Helen” kó rántí ibi tí Helen parí sí.

Ohun kan wà tí mo máa ń sọ fún wọn níbi yìí. Charlotte Brontë ní ẹ̀gbọ́n méjì, Maria àti Elizabeth. Gbogbo wọn jọ lọ sí ilé ìwé kan ní Cowan Bridge, ibẹ̀ ni àìsàn ti mú àwọn méjèèjì, wọ́n sì kú ní 1825, Maria lọ́mọ ọdún 11, Elizabeth lọ́mọ ọdún 10. Charlotte jẹ́ ọmọ ọdún 9. Ara Maria ló ti yọ Helen. Ẹ wá wò ó: Helen dárí jì, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìtàn náà gbé e pa mọ́ fún ohun tó lé ní 20 ọdún, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, porridge tó jóná, ẹgba, òtútù, gbogbo rẹ̀ pátá, kí ayé lè kà á.

Orí 21 wá dé. Ẹ má kà á lọ́jọ́ tí aṣọ ẹbí fẹ́ jáde, ẹ wá ìrọ̀lẹ́ tí ọwọ́ dilẹ̀. Jane ti dàgbà, ó ti ń ṣiṣẹ́. John Reed ti ná owó ilé tán, ó ti kú, Mrs Reed sì wà lórí àìsàn ikú, ó ránṣẹ́ pe Jane. Ohun méjì ló jẹ́wọ́: pé òun kò mú ìlérí ọkọ òun ṣẹ, àti pé òun fi lẹ́tà kan pa mọ́. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, John Eyre, arákùnrin bàbá Jane, kọ̀wé láti erékùṣù Madeira pé òun fẹ́ gba Jane ṣọmọ, kóun sì fi ogún sílẹ̀ fún un. Mrs Reed fèsì pé ibà ti pa Jane ní Lowood. Kí ló dé? Ó ní òun kò lè gbàgbé ọjọ́ tí Jane, ọmọ ọdún 10, dojú kọ òun tó sì sọ ìkà òun fún òun.

Ọmọ Adó yẹn á tún sọ̀rọ̀: “Ẹ ò rí i? Ẹnu ló kó bá a.” Ẹ bi í pé ta ló kọ lẹ́tà irọ́.

Ẹ wá gbé ìwé ìkọ̀wé jáde, kí ẹni tó kọ ọ́ kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀, láìfo ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé “ó ti tó.” Bí àwa ṣe ń parí ìjà nínú ẹbí ni pé kí àgbà ní “ẹ pa á tì,” kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kúnlẹ̀, ká ra mínírà, kó tó di pé ẹnì kankan sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Èmi kò fara mọ́ ọn. Jane kò dárí jì bẹ́ẹ̀. Ó ka lẹ́tà náà tán, ó mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òun, ó tó sọ pé òun dárí jì í pátápátá. Ó sún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ ẹnu Mrs Reed kó lè fẹnu kò ó, obìnrin náà kọ̀. Mrs Reed kú lóru yẹn, Jane àti Eliza, ọmọbìnrin rẹ̀ kan, lọ wo òkú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sunkún nínú àwọn méjèèjì. Àwọn ọmọ á bi yín bóyá ìdáríjì ni ìyẹn, nígbà tí kò sí ẹkún níbẹ̀, tí ẹni tó ṣẹ̀ kò sì bẹ̀bẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á.

Ẹ fo iwájú lọ sí orí 24 fún gbólóhùn kan ṣoṣo: Jane pinnu láti kọ̀wé sí Madeira, kó sọ fún arákùnrin bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ ṣègbéyàwó; ọkùnrin náà á sì tipa bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ó wà láàyè. Ó ti dárí jì, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí irọ́ yẹn dúró. Nígbẹ̀yìn, 20,000 pọ́n-ùn ni ọkùnrin náà fi sílẹ̀ fún un, ó sì pín in dọ́gba fún òun àtàwọn ìbátan rẹ̀ mẹ́ta, 5,000 kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ iye yẹn, wọ́n á fẹ́ràn rẹ̀.

Bí ọmọ kan bá wá ní “bí tèmi náà ṣe rí nìyẹn,” ẹ gbé ìwé sílẹ̀, ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti lọ. Nígbà mìíràn ó lè jẹ́ ẹran inú ìkòkò tí wọ́n ní ó jí níbi tó gbé tẹ́lẹ̀; kó sọ ọ́ jáde lè tó o. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń lù ú nílùkulù ni, tàbí ẹnì kan ń fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ, ẹ má dárúkọ ìdáríjì rárá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti 2003, Ìpínlẹ̀ Èkìtì sì ṣe òfin tiwọn lórí ìwà ipá bẹ́ẹ̀ ní 2011, wọ́n tún un ṣe ní 2019. Ẹ mú ọmọ náà lọ sílé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin ní Adó, kẹ́ ẹ bá a jókòó títí yóò fi sọ ọ́ tán.

Wọ́n á tún bi yín léèrè Rochester, ọlọ́rọ̀ tí Jane lọ ṣiṣẹ́ nílé rẹ̀, nítorí ẹnì kan láàárín wọn á ti wo fíìmù rẹ̀. Ẹ má sọ ọ́. Ẹ ní orí 11 ló ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lọ kà á fúnra rẹ̀.