Bí Ìdílé Ṣe Ń Ṣe Wáìnì Nínú Ìkòkò Ilẹ̀ ní Jọ́jíà

Ní orílẹ̀-èdè Jọ́jíà, lẹ́bàá òkè Caucasus, inú ilẹ̀ ni wáìnì àbáláyé ti ń dàgbà. Qvevri ni wọ́n ń pe ìkòkò amọ̀ ràbàtà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ débi ọrùn. Bàbá á lò ó, ọmọ á jogún ẹ̀, ìkòkò ò sì ní kúrò lójú kan. Ní 2017, àwọn awalẹ̀pìtàn kéde pé àwọn rí àmì wáìnì lára àpáàdì tó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 6000 ṣáájú ìbí Jésù. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, sì ka ọgbọ́n iṣẹ́ yìí mọ́ ogún àṣà aráyé ní 2013.

Ẹ tọ́jú ìkòkò. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ nìyí. Bó ti wù kí àjàrà dára tó, ìkòkò tó dọ̀tí á bà á jẹ́. Wọ́n ti fi ìda oyin ra inú rẹ̀ láti ìgbà tó wà ní tuntun. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gígùn tí wọ́n fi èèpo igi ṣẹ́rì ṣe fọ̀ ọ́ léraléra, títí omi á fi máa jáde ní mímọ́ gaara, kí ẹ wá sun imí ọjọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìkòkò ńlá ń gba èèyàn wọlé, ewu sì wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára wáìnì tó ń hó a máa rọ̀ sísàlẹ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pani. Àbẹ́là ni àwọn àgbà ń sọ̀ kalẹ̀: bó bá kú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé. Bí ò bá tiẹ̀ kú, kí ẹnì kan dúró lẹ́nu ìkòkò.

Ẹ kórè àjàrà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Rtveli ni wọ́n ń pe ìkórè. Ní Kakheti, agbègbè kan ní Jọ́jíà, oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá ni, tọmọdé tàgbà ló ń jáde. Rkatsiteli ni àjàrà funfun, Saperavi ni dúdú. Inú ọpọ́n gígùn tí wọ́n gbẹ́ lára ìtì igi ni ẹ ó ti fi ẹsẹ̀ tó mọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ kì í fọ́ kóró. Kóró tó bá fọ́ ló ń mú wáìnì korò.

Ẹ dà á sínú ìkòkò. Ní Kakheti, omi àjàrà, èèpo, kóró, títí dórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó so èso rẹ̀ pọ̀ ló ń wọlé, àjàrà funfun pàápàá. Ìdí nìyẹn tí wáìnì náà fi ń ní àwọ̀ oyin. Ní Imereti, agbègbè mìíràn, èèpo díẹ̀ ni wọ́n ń lò. Ẹ má kún un tán o, torí ó máa ru sókè. Ẹ má fi ìwúkàrà kankan sí i. Èyí tó wà lára èèpo ti tó. Bó bá ti ń hó, ẹ fi igi gígùn ti èèpo tó léfòó wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta sí mẹ́rin lójúmọ́. Èèpo tó bá gbẹ lókè á sọ gbogbo ẹ̀ di kíkan.

Ẹ dé e. Nígbà tí èèpo bá rì, ẹ bù kún un dẹ́nu, kí ẹ fi òkúta dé e, kí ẹ fi amọ̀ tútù lẹ etí rẹ̀ pa. Ìdí ìkòkò ṣóńṣó: kóró á lọ há síbẹ̀, èèpo á bò ó mọ́lẹ̀, wáìnì á dá sókè.

Ẹ ṣí i nígbà ìrúwé, lẹ́yìn oṣù márùn-ún sí mẹ́fà. Ẹ rọra fa èyí tó tòrò sínú ìkòkò mímọ́ mìíràn. Ìyókù ni wọ́n fi ń ṣe chacha, ọtí líle wọn. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ tún gbé búrọ́ọ̀ṣì, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó gbẹ mọ́ ìkòkò lára.