Kí Ẹ Tó Yọ Rédíò Tó Bá Ọkọ̀ Yín Wá: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Ba Ohùn Jẹ́, Tó Sì Ń Jó Wáyà

Ẹni tó bá fẹ́ kí ohùn inú ọkọ̀ òun dùn sí i sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí nọ́ńbà bá ti tóbi jù. Ó dé Alábà, ó rí páálí rédíò Android tí wọ́n kọ 50W x 4 sí, ó rí amplifier (ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohùn tó ń lọ sí sípíkà) tí wọ́n kọ 3000W sí lára gàdàgbà, ó sanwó, inú rẹ̀ ń dùn lọ sílé. Wáyà ńkọ́? Riwáyà á lo èyí tó bá wà nílẹ̀. Ìlẹ̀kùn ńkọ́? Kò tiẹ̀ sẹ́ni tó ronú kàn án. Bẹ́ẹ̀ ibi méjèèjì yẹn gan-an ló yẹ kí owó kọ́kọ́ lọ.

Ẹ ṣírò páálí náà wò. Iná tí rédíò ń rí lò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ kì í sábà ju vólítì 14.4 lọ. Ẹ fi 14.4 ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ fi ohm 4 tó jẹ́ ti sípíkà pín in, ẹ tún pín èyí tó kù sí méjì. Watt 26 lẹ máa rí fún sípíkà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí nǹkan kan ò bá ṣòfò lọ́nà, nǹkan sì máa ń ṣòfò. Watt 15 sí 20 ni rédíò gidi ń gbé jáde kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ti amplifier kò le rárá: ẹ wo fíúsì tó wà lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ fíúsì 30 méjì, ampere 60 ni àpapọ̀ rẹ̀. Ẹ fi vólítì 13.8 sọ ọ́ di púpọ̀, watt 828 ló ń wọlé. Èyí tó máa jáde sí sípíkà, kódà bó bá jẹ́ Class D (irú èyí tí iná kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣòfò nínú rẹ̀) tó dáa, kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju 650 lọ. Níbo wá ni 3000 wà? Lórí páálí.

Wọ́n gé sọ́kẹ́ẹ̀tì

Lẹ́yìn rédíò ọ̀pọ̀ Toyota tókùnbọ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ló wà: ọ̀kan ní ojú 10, èkejì ní ojú 6. Iná àti sípíkà iwájú wà nínú ti 10, sípíkà ẹ̀yìn wà nínú ti 6. Wáyà alásopọ̀ tó bá wọn mu wà lọ́jà, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó rédíò. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ló máa ń yá lọ́wọ́. Wọ́n á gé sọ́kẹ́ẹ̀tì dànù, wọ́n á lọ́ wáyà mọ́ra, wọ́n á fi téèpù dúdú wé e. Ooru inú ọkọ̀ tí ẹ gbé sínú oòrùn lọ́sàn-án á yọ́ gọ́ọ̀mù téèpù yẹn láàárín oṣù díẹ̀, wáyà á wá wà ní ìhòhò lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí gígé bá ti ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó ra ọkọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀, kí wọ́n sì fi rọ́bà tó ń sún kì bí iná bá kàn án bo ojú rẹ̀.

Lára wáyà tó bá rédíò tuntun wá, yẹ́lò ló ń gba iná tí kì í kú láti bátìrì, pupa ń gba iná kọ́kọ́rọ́, dúdú ni nẹ́gẹ́tífù, búlúù tó ní ìlà funfun ló ń jí amplifier. Ní ti sípíkà, funfun ni iwájú òsì, àwọ̀ eérú ni iwájú ọ̀tún, àwọ̀ ewé ni ẹ̀yìn òsì, àlùkò ni ẹ̀yìn ọ̀tún. Nínú méjì-méjì tí àwọ̀ wọn jọra, èyí tó ní ìlà dúdú ni nẹ́gẹ́tífù. Àwọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe àwọ̀ wáyà inú ọkọ̀ o. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, búráùn ni nẹ́gẹ́tífù, kì í ṣe dúdú. Mítà ni kí wọ́n fi wò ó, kí ẹnikẹ́ni má kàn mú pupa kó so ó mọ́ pupa.

Bí wọ́n bá so yẹ́lò mọ́ iná kọ́kọ́rọ́, rédíò á máa gbàgbé aago àti ìkànnì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pa ọkọ̀. Bí wọ́n bá so yẹ́lò àti pupa pọ̀ mọ́ iná tí kì í kú, rédíò á máa jẹ bátìrì mọ́jú. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n kó gbogbo nẹ́gẹ́tífù sípíkà jọ mọ́ ara ọkọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún àwọn rédíò àtijọ́ kan. Rédíò òde òní ń fi wáyà méjèèjì ti sípíkà, ọ̀kan ń tì, èkejì ń fà. Bí ọ̀kan bá kan ara ọkọ̀, IC, ègé kékeré tó ń gbé ohùn jáde nínú rédíò, jó nìyẹn.

Ojú ihò rédíò Toyota fẹ̀ tó mílímítà 200. Double DIN (ìwọ̀n rédíò ńlá tó wọ́pọ̀) gbogboogbò jẹ́ 178, nítorí náà àlàfo bíi mílímítà 11 á wà lápá ọ̀tún, 11 á wà lápá òsì. Ẹ sọ fún olùtajà pé 200 x 100 lẹ fẹ́, kí ẹ má baà padà wá máa fi gọ́ọ̀mù dí i.

Bí ẹ bá rí orúkọ JBL tàbí Mark Levinson, àwọn tó ń ṣe ohun èlò orin, lára rédíò ọkọ̀ yín, ẹ dúró ná. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní amplifier tirẹ̀ tó pa mọ́ síbì kan, wáyà rédíò kò sì lọ bá sípíkà tààrà. Ẹ ki rédíò tuntun bọ̀ ọ́ láìsí alásopọ̀ tó mọ amplifier náà, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ fi mítà wọn sípíkà rẹ̀ kí ẹ tó ra òmíràn: èyí tó bá kà bíi 3.2 sí 3.8 jẹ́ ti ohm 4, èyí tó bá kà bíi 1.6 sí 2 jẹ́ ti ohm 2. Ti ohm 2 pọ̀ nínú irú ọkọ̀ wọ̀nyí. Bí ẹ bá fi ti ohm 4 rọ́pò rẹ̀ láìpààrọ̀ amplifier, ohùn á lọ sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ṣáájú gbogbo rẹ̀, ẹ yọ nẹ́gẹ́tífù bátìrì, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 90 ó kéré tán kí ẹ tó ṣí dáṣíbọ́ọ̀dù tàbí òpó ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí rọ́bà aláwọ̀ yẹ́lò tí ẹ bá rí níbẹ̀ jẹ́ ti airbag. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fi mítà kàn án.

Ìlẹ̀kùn ni àpótí sípíkà

Sípíkà inú ìlẹ̀kùn kò ní àpótí míì ju ìlẹ̀kùn fúnra rẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ tí ojú sípíkà ń tì síwájú àti èyí tó ń fà lẹ́yìn lòdì síra wọn, ibi tí wọ́n bá sì ti pàdé, báàsì á kú síbẹ̀. Ìdí nìyí tí sípíkà olówó ńlá ṣe máa ń dún bíi ti tẹlifóònù bí wọ́n bá kàn dè é mọ́ irin tí àlàfo wà létí rẹ̀. Fóòmù tó lẹ̀ yí ká etí sípíkà, níwájú àti lẹ́yìn, ń ṣe ju owó rẹ̀ lọ.

Ẹ yí gíláàsì wálẹ̀ tán pátápátá kí ẹ tó wọn jíjìn ibi tí sípíkà fẹ́ wọ̀. Àwọn kan máa ń wọ̀n ọ́n nígbà tí gíláàsì wà lókè, wọ́n á dè é, wọ́n á dá ìlẹ̀kùn padà, ọjọ́ kejì gíláàsì á gbá idí sípíkà. Bí ẹ bá nílò òrùka tó máa gbé sípíkà síta díẹ̀, ẹ lo ti ike. Òrùka MDF tàbí páákó máa ń wú, nítorí omi òjò ń wọ inú ìlẹ̀kùn ọkọ̀ lọ́jọ́ gbogbo: bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, ó ń gba létí gíláàsì wọlé, ó sì ń gba àwọn ihò kéékèèké ìsàlẹ̀ jáde. Ẹ má dí àwọn ihò yẹn.

Omi yẹn náà ló fà á tí rọ́bà pẹlẹbẹ fi wà lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì ìlẹ̀kùn, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dúdú tó ń fà bíi ṣingọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ irin. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fa rọ́bà náà ya, wọ́n á jù ú nù pé kò wúlò. Òjò àkọ́kọ́ tó bá rọ̀, kápẹ́ẹ̀tì á tutù, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, ẹ ò sì ní mọ ibi tí omi ti ń wọlé. Ẹ rọra ká a, ẹ fi gọ́ọ̀mù kan náà lẹ̀ ẹ́ padà.

Bí ẹ bá fẹ́ lẹ nǹkan mọ́ irin ìlẹ̀kùn kó má baà máa gbọ̀n, ẹ yẹra fún téèpù bítúmẹ́ẹ̀nì tí ojú rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, èyí tí wọ́n fi ń dí òrùlé tó ń jò. Ó jọ ti ọkọ̀, ó sì dínwó, àmọ́ nínú ooru ó máa ń yọ́, á ṣàn sí mọ́tò gíláàsì, òórùn ọ̀dà á gba inú ọkọ̀ kan. Ti butyl, irú rọ́bà kan, ni kí ẹ rà. Kò pọn dandan kí ẹ bo gbogbo irin. Ẹ fi ìka kan irin ìlẹ̀kùn: ó dún gbàn-ùn. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta irin náà, ẹ fi nǹkan yí i mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ tún kàn án: ó dún pọ́. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó de pánẹ́ẹ̀lì padà, ẹ mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì 1.5 vólítì kan. Ẹ fi pósítífù rẹ̀ kan pósítífù wáyà tó ń lọ sí sípíkà, nẹ́gẹ́tífù sí nẹ́gẹ́tífù, fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Ojú sípíkà gbọ́dọ̀ fò síta. Bó bá wọlé, wọ́n ti gbé e yí. Bí ti òsì bá ń jáde nígbà tí ti ọ̀tún ń wọlé, báàsì á pòórá, ohùn olórin á dà bíi pé kò sí níbì kankan. Àṣìṣe yìí ló ń mú kí èèyàn lọ ra wúfà tí kò nílò.

Wáyà iná àti nẹ́gẹ́tífù

Fíúsì wáyà amplifier gbọ́dọ̀ wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 45 sí bátìrì, kì í ṣe nínú búútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ amplifier. Wáyà ni fíúsì yìí ń dáàbò bò, kì í ṣe amplifier. Ibi tí wáyà ti gba ara irin tó pín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀ níyà ló ti máa ń ha. Bí irin bá jẹ rọ́bà rẹ̀ tán tí kò sí fíúsì lẹ́yìn, gbogbo agbára bátìrì á kọjá síbẹ̀, wáyà á pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ, ọkọ̀ á sì gbiná. Ẹ fi rọ́bà sí ihò náà kí wáyà tó gbà á kọjá.

Ní ti nínípọn rẹ̀, amplifier tó ń jẹ ampere 45 lọ́nà tó gùn ní mítà 5 á pàdánù bíi vólítì 0.46 lórí wáyà bàbà 8 AWG, àti 0.18 péré lórí 4 AWG (bí nọ́ńbà AWG bá ṣe kéré sí ni wáyà ṣe nípọn sí). Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù lọ́jà kì í ṣe bàbà. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú ni, CCA ni wọ́n ń kọ sí i lára, bí wọ́n bá tiẹ̀ kọ ọ́. Ti 8 AWG rẹ̀ á jẹ ju vólítì 0.7 lọ. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹyọ okùn kan: bó bá funfun nínú, ẹ fi sílẹ̀, tàbí kí ẹ ra èyí tó nípọn jù ú lọ ní ìpele méjì.

Wáyà nẹ́gẹ́tífù gbọ́dọ̀ nípọn bíi ti pósítífù, kó má gùn ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Ẹ fi sáńpépà ha ọ̀dà ara irin kúrò títí irin á fi dán, kí ẹ tó de bóòtì mọ́ ọn. Bóòtì bẹ́líìtì ìjókòó kọ́ ni wọ́n ń de é sí. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìró fííí tó ń ròkè bí ẹ ṣe ń tẹ tọ́ọ̀tù, nẹ́gẹ́tífù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹ tó lọ ra filter. Ẹ fi mítà kan nẹ́gẹ́tífù amplifier àti nẹ́gẹ́tífù bátìrì nígbà tí orin ń lọ sókè. Bó bá kà ju vólítì 0.2 lọ, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀yin tó fẹ́ fi wúfà kún un, ẹ wo ohm kí ẹ tó sanwó. Wúfà tó ní kọ́ìlì méjì ti ohm 4 lè di 2 tàbí 8, kò lè di 4 láéláé. Amplifier ìkànnì méjì tí wọ́n ní kó má gba ohm tó dín sí 4 nígbà tí wọ́n bá so ó pọ̀ di ọ̀kan á gbóná kọjá ààlà lórí 2.

Gain kì í ṣe volume

Kókó kékeré tí wọ́n kọ gain sí kì í fi agbára kún amplifier. Ó kàn ń jẹ́ kí rédíò àti amplifier gbọ́ ara wọn ni. Ẹni tó bá yí i dé òpin ń mú kí ìgbì ohùn gé lórí, ìgbì tó gé yìí ló sì ń jó tweeter, ìyẹn sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde.

Ẹ tú wáyà sípíkà kúrò lára amplifier. Ẹ pa báàsì, treble àti gbogbo EQ (àwọn ibi tí wọ́n ti ń tún ohùn ṣe) sí òdo. Ẹ lu ohùn ìdánwò tó jẹ́ 0 dB, 50 Hz fún wúfà, 1 kHz fún sípíkà ìlẹ̀kùn, kí ẹ gbé rédíò dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹ fi mítà sórí AC níbi tí wáyà sípíkà ń wọ̀, kí ẹ rọra yí gain títí á fi kà bó ṣe yẹ. Watt 75 lórí ohm 4 jẹ́ vólítì 17.3, watt 300 lórí ohm 2 jẹ́ 24.5. Ẹ dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi high-pass (tó ń dí báàsì ìsàlẹ̀) sí 80 Hz fún ìlẹ̀kùn, low-pass (tó ń jẹ́ kí báàsì nìkan kọjá) sí 80 Hz fún wúfà.

Alẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ ti ìlẹ̀kùn, ẹ yọ nẹ́gẹ́tífù bátìrì, kí ẹ fi mítà tó wà lórí 10A dí àárín wáyà náà àti bátìrì. Ẹ má tan iná kọ́kọ́rọ́ ní gbogbo àkókò yìí, fíúsì mítà á jó. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí àwọn kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sùn. Bó bá kà ampere 0.05 tàbí kó dín sí i, kò sí wàhálà. Bó bá kà 0.3, ampere-wákàtí 7.2 ló ń lọ lójúmọ́, bátìrì 45 ò sì ní lè ta ọkọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà búlúù tó lọ sí amplifier. Bí nọ́ńbà bá wálẹ̀, wọ́n ti so ó mọ́ iná tí kì í kú. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ yọ fíúsì yẹ́lò rédíò.