Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lára àkọlé àpò oúnjẹ ẹran ọ̀sìn tó ní ẹ̀jẹ̀ tàbí egungun nínú

Ní Akúrẹ́ àti agbègbè rẹ̀, inú ọgbà kan náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sin adìẹ ẹlẹ́yin pẹ̀lú ewúrẹ́ méjì mẹ́ta. Oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù nídìí adìẹ, ewúrẹ́ ni wọ́n ń dà á fún. Bí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ tàbí egungun màlúù bá wà nínú oúnjẹ náà, kò yẹ kó dé ẹnu ewúrẹ́ rárá. Ojú kò lè rí i nínú ìyẹ̀fun. Àkọlé ara àpò ló yẹ kó sọ ọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn tó ń lọ oúnjẹ tà ti ń ṣe àṣìṣe.

Ọdún 1986 ni wọ́n dá àrùn wèrè màlúù (mad cow disease), tó ń ba ọpọlọ màlúù jẹ́, mọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹran àti egungun lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ oúnjẹ màlúù ló tàn án ká, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fòfin dè é níbẹ̀ ní 1988. Nígbà tó di 1996, wọ́n kéde pé ó ti ran èèyàn. Sísè lásán kì í pa ohun tó ń fa àrùn yìí. Gíráàmù kan péré nínú ọpọlọ màlúù tó ní in tó láti kó o ran ọmọ màlúù, ó sì lè tó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó hàn. Ta ló máa rántí àpò tó ṣí lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn? Ẹni tó bá sì ń sọ pé àrùn màlúù ni, kò kan ewúrẹ́, kó mọ̀ pé ní 2005, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lára ewúrẹ́ kan ní ilẹ̀ Faransé.

Àṣìṣe kìíní ni kí èèyàn kọ iye puròtéènì sára àpò, kó rò pé ó ti parí. Puròtéènì 16.5% kò sọ bóyá sóyà ni tàbí ẹ̀jẹ̀. Kíkọ “puròtéènì ẹran” náà kò tó, nítorí ẹja àti màlúù kì í ṣe ọ̀kan náà lójú òfin. Orúkọ nǹkan kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ kọ, kí èyí tó wúwo jù ṣáájú: àgbàdo, sóyà, èèrí wíìtì, ìkarahun lílọ̀, egungun màlúù lílọ̀, ẹ̀jẹ̀ màlúù gbígbẹ, ẹja lílọ̀, iyọ̀.

Egungun ni wọ́n sábà máa ń fò. Wọ́n á ní kàlísíọ́mù ni, kì í ṣe ẹran. Egungun tí wọ́n kàn sè tàbí tí wọ́n sá sí oòrùn ṣì ní ẹran ara nínú. Èyí tí wọ́n sun lórí iná ìta pàápàá lè dúdú lẹ́yìn kí inú rẹ̀ má jóná tán. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìkìlọ̀ fúnra rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ti 1997 fi ọ̀rọ̀ náà lélẹ̀ bó ṣe gbọ́dọ̀ rí: “Do not feed to cattle or other ruminants.” Òfin yẹn yọ wàrà àti ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ ní tiwa, a gbà pé kí ẹ kọ ti ẹ̀jẹ̀ náà, torí ẹ̀jẹ̀ ilé ìpẹran kì í sábà dá wá láìsí ìdọ̀tí mìíràn nínú. Kí ẹ sì kọ ọ́ ní Yorùbá, kó hàn gàgà: “Ẹ má fi bọ́ màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́ tàbí ẹran mìíràn tó ń jẹ àpọ̀jẹ.” “Fún adìẹ nìkan” kì í ṣe ìkìlọ̀. Ẹni tó kà á lè rò pé ìmọ̀ràn lásán ni.

Ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Páálí kékeré ni wọ́n ń rán mọ́ ẹnu àpò. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣí àpò náà: wọ́n á fa òwú, òwú á tú ṣàrà, páálí á já bọ́ sílẹ̀, wọ́n á gbá a dànù. Àpò kílò 25 yóò wá dúró sí igun ilé fún ọjọ́ mélòó kan láìlórúkọ. Ara àpò gan-an ni kí ìkìlọ̀ wà, pẹ̀lú yíǹkì tí omi kò lè fọ̀. Páálí lè gbé ìyókù: orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, ìwọ̀n, nọ́ńbà ìpele (batch number), ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti nọ́ńbà NAFDAC.

Àpò àlòkù burú jù. Àpò èèrí wíìtì tí wọ́n rọ oúnjẹ adìẹ sí ń pa irọ́ fún ẹni tó ń wá oúnjẹ àgùntàn. Bí ẹ kò bá rí àpò tuntun, ẹ yí inú rẹ̀ síta kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ẹ̀yin tó sì ń fi kóńgò wọn oúnjẹ tà lọ́jà, ẹ fi ìwé tó ní ìkìlọ̀ sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, nítorí àpò kò bá oníbàárà dé ilé.

Àkọlé tó dáa kò wúlò bí ẹ̀rọ ìpòpọ̀ bá dọ̀tí. Ẹ pò ti ewúrẹ́ àti màlúù ṣáájú ti adìẹ láàárọ̀. Bí ti adìẹ bá ti ṣáájú, ẹ gbá inú ẹ̀rọ mọ́, ẹ da àgbàdo lílọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹ sì fi àgbàdo yẹn bọ́ adìẹ. Ẹ tọ́jú ìwé ohun tí ẹ rà àti ẹni tí ẹ tà fún, ó kéré tán fún ọdún kan. Àpò tí ẹ kò bá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́, adìẹ tàbí ẹlẹ́dẹ̀ ni kó jẹ ẹ́ bí kò bá tíì bu, ewúrẹ́ kọ́.